Ìwé Ara Ìgò Oògùn

Ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn yẹn láti kékeré. Òkìrìkà ni mò ń tà ní Ajégúnlẹ̀, aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ sílẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Àpápá. Ẹni tó bá ti ra béélì rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ tó dára ni wọ́n ń tò sókè, ìsàlẹ̀ ni àkísà ń gbé. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín sí mi, ìsàlẹ̀ béélì ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá yà kí mi, màá ní kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí kí n tó fún un ní àga.

Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo ń wa tírélà. Wáàfù Àpápá ló ti ń gbé kọ̀ńténà, á gbé e lọ Ìbàdàn, nígbà mìíràn á gbé e dé Kánò. Alájì kan ló ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tó ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó fi kọ́rùn, kì í bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣàìsàn kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi sì làwọn ọmọ náà ń sùn. Inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, yàrá mẹ́rìndínlógún, ilé ìwẹ̀ méjì, ẹ̀rọ omi kan. Ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀, mo sì mọ ìgbà tó ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde.

Ní àwọn ọdún tí sójà ń ṣèjọba, tí a ń tò fún epo ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ni àìsàn dé bá a. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹnu rẹ̀ funfun nínú, ó rù débi pé mo ní láti lu ihò mẹ́ta sí i sára bẹ́líìtì rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Àmùkòkò tó ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ nínú pálọ̀ rẹ̀ ni à ń sáré tọ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ yẹn jẹ tẹlifíṣọ̀n, ó jẹ fìríìjì, nígbà tó yá ó jẹ ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún un ní Ọ̀tà. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá lè gun ọkọ̀, èmi ni mò ń bọ́ òun àtàwọn ọmọ.

Nígbà tó yá, ó dédé jáwọ́ nínú títa ẹrù rẹ̀. Ẹran padà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ń jí lọ sí wáàfù lójoojúmọ́, ó san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, ó tún ra aṣọ ọdún fún mi. Ẹlòmíràn ì bá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé níbo ló ti ń rí i.

Ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀ ni mo rí ìgò mẹ́ta lẹ́yìn àpótí aṣọ. Hóró funfun wà nínú ọ̀kan, oògùn olómi wà nínú èkejì, hóró mìíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ẹ̀kẹta. Kò sí ìwé lára èyíkéyìí nínú wọn. Kì í ṣe pé ìwé náà jábọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n fi abẹ ha á ni, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà yẹn, kò sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ ẹni tí ayédèrú oògùn pa. Mo bi ara mi pé ta ní ń ha ìwé ara oògùn bí kì í ṣe ẹni tó ń ta ayédèrú?

Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé. Kẹ́míìsì kan lójú títì tó lọ sí Àpápá ló yà sí. Obìnrin kan ló ni ibẹ̀, apòògùn tó kàwé rẹ̀ ní yunifásítì, tó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń sun àgbàdo lódìkejì. Obìnrin náà mú àbúrò mi wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, àbúrò mi na owó sí i. Obìnrin náà mú díẹ̀, ó dá èyí tó pọ̀ jù padà sí i lọ́wọ́, ó ń na ìka sí i bí ìyá tó ń bá ọmọ wí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, n kò tíì rí oníṣòwò tó ń dá owó oníbàárà padà, àfi tó bá jẹ́ pé ohun tó ju owó lọ ló ń wá.

Ní ọjọ́ kejì, èmi náà wọlé tọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ló ń fún àbúrò mi, ó ní kí n bi àbúrò mi. Mo ní ṣé òun ló ń ha ìwé ara ìgò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ sẹ́. Mo bi í pé nítorí kí ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ oníbàárà mi kì í tẹnu mi jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n fúnra yín.”

Ẹ jọ̀ọ́ tó sọ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ti mọ̀ pé olè tó bá kàwé máa ń bẹ èèyàn. N kò sì bi àbúrò mi, torí mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé irọ́ ni yóò pa.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ilé wa, kò gbọ́ Yorùbá, pijin la jọ ń sọ. Mo dúró de Sátidé ìmọ́tótó, ọjọ́ tí ìjọba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láàárọ̀, tí gbogbo ilé ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń fọ gọ́tà. Àbúrò mi wà lọ́nà Kánò. Mo kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo lọ bá nọ́ọ̀sì nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí àwọn obìnrin bíi mẹ́fà ti ń pọnmi. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí á lè jọ lọ fọ́ kẹ́míìsì náà.

Ó da hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Ó gbóòórùn olómi. Ó bi mí pé ta ló ń lò wọ́n, mo ní àbúrò mi. Ó bi mí pé ṣé ẹnu rẹ̀ funfun rí, ṣé ó yàgbẹ́ gbuuru pẹ́, irú ikú wo ló pa ìyàwó rẹ̀. Mò ń dá a lóhùn níkọ̀ọ̀kan, ohùn mi sì ń lọ sókè, torí mo rò pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Ó rọra gbé ìgò náà sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó fi ọṣẹ fọwọ́, ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Mama, dis medicine no be fake,” ló wí. “Na so dem dey join am give dem for our ward. Your broda get dat sickness.”

Kò sí ẹni tó béèrè àìsàn wo ni. Rédíò ti kọ ọ́ sí gbogbo wa létí: éèdì, kògbóògùn. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sún sẹ́yìn.

Ẹyin lohùn. Kí àbúrò mi tó ti Kánò dé, wọ́n ti ya ilé ìwẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún un, wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ wọn má bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ dé wáàfù. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo rí i tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Mo wo ọrùn rẹ̀, n kò rí kọ́kọ́rọ́.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ fi oògùn mi hàn?”

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí, mo ní mo rò pé ayédèrú ni. Ó gbọ́ mi tán.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n máa ha á. Nítorí yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbálẹ̀ yàrá mi.”

Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ apòògùn náà. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n ó fún mi ní àga. Ó ní àbúrò mi ti wá, ó ti ní kí òun má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi mọ́. Ó ní ìgbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òun, abẹ́rẹ́ tó fẹ́ rà pọ̀, òun kò sì jẹ́ tà á fún un torí kò wúlò. Òun ló ní kó máa se omi mímu rẹ̀, kó máa rọ ọ́ sínú jálá gbé sínú ọkọ̀. Òun ló fi ìrìn àjò rẹ̀ pín oògùn fún un, èyí tí yóò lò kó tó ṣáná sí ọkọ̀ àti èyí tí yóò lò nígbà tó bá dúró jẹun. Nígbà tí ikọ́ ń ṣe é, òun ló ní kó lọ sí ọsibítù ìjọba fún àyẹ̀wò, òun kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Iye abẹ́rẹ́ kan ní Àmùkòkò, oògùn oṣù méjì ni lọ́dọ̀ mi,” ló wí. “N kò lè wò wọ́n sàn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n ṣáà lè gun ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mò ń bá wọn wá. Ẹni tó ń gun ọkọ̀ ló ń rí oúnjẹ jẹ, ara tó jẹun sì loògùn ń ràn lọ́wọ́. Alájì ti wá gba ọkọ̀ báyìí, kí ni oògùn mi fẹ́ ṣe?”

Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ṣì ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò ní kí n mú nǹkan wá. Kò ní kí n mú nǹkan kan wá. Ilẹ̀ Ọ̀tà ni mo rántí níbẹ̀, ilẹ̀ tí ọkùnrin Àmùkòkò jẹ láìṣe nǹkan kan, tí n kò fura sí i rí, torí pé ó ń gba owó bí gbogbo oníṣòwò.

Àbúrò mi tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin mìíràn ní Àpápá, kò rí. Láàárín oṣù mélòó kan, ihò tí mo lu sára bẹ́líìtì tún wúlò. Èmi ni mo wá ń lọ gba oògùn rẹ̀. Mo máa ń bu omi gbígbóná sínú abọ́, màá rẹ ìgò sínú rẹ̀, màá sì fi abẹ ha ìwé ara rẹ̀ kúrò kí n tó gbé e wọ yàrá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ha á lọ́wọ́, ó sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí.

“Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Ta ló kù tí kò mọ̀?”

Omi inú abọ́ ti tutù kí n tó lè yọ ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀.