Ẹrẹ̀ Tí Bàbá Abẹ́rẹ́ Dà Sórí Tábìlì Ọ̀gá

Ẹni tó bá ní òun mọ olóògbé Bàbá Abẹ́rẹ́, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń yẹ ẹrẹ̀ wò, tí kò gbọ́ nípa ẹrẹ̀ tó dà sórí tábìlì ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó omi, irọ́ ló ń pa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń po ọ̀dà ló fẹ́ máa da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú adágún tí gbogbo àdúgbò ti ń pẹja. Ọ́fíìsì omi ní kí Bàbá kọ́kọ́ bá àwọn yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún wò, bóyá atẹ́gùn tí ohun abẹ̀mí inú omi ń mí ṣì pọ̀ tó níbẹ̀. Ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá bu ẹrẹ̀ sínú ìgò, wọ́n sì gbọ̀n ọ́n dáadáa bí ẹni fẹ́ mu oògùn ikọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e wá bá Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti bá Bàbá pò ó kí iṣẹ́ lè yá.

Bàbá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọ̀gá padà dé ọ́fíìsì, ó ṣí ìgò, ó sì dà á sórí tábìlì rẹ̀, àtorí fáìlì àtorí tíì inú kọ́ọ̀bù.

"Ibi tí atẹ́gùn parí sí ni mo ń wá," ló wí. "Ẹ ti po ibi tó wà mọ́ ibi tí kò sí. Kí ni kí n wá wọ̀n?"

Wọ́n ní orí rẹ̀ ò pé. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni orí ẹ̀ ò pé? Ìpele ìpele ni ẹrẹ̀ wà lábẹ́ omi. Atẹ́gùn wà lókè, kó sì tó wọlẹ̀ tó ìbú èékánná, ó ti tán. Abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni Bàbá máa ń kì bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi mọ ibẹ̀. Ẹni tó bá sín nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ti wọ gàù. Nílé, kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ro tíì fún òun. Á mu òkè rẹ̀ tó korò, á fajú ro, á máa mu ún lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ṣúgà, inú rẹ̀ á sì dùn bíi pé òun ló dá ṣúgà sáyé.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà wọkọ̀ ojú omi lọ gbé ẹrẹ̀ mìíràn, nínú ọ̀pá gíláàsì, láìdà á rú. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò bí ọmọ tuntun, ó ń bú awakọ̀ ní gbogbo kòtò. Abẹ́rẹ́ sọ òótọ́: èémí díẹ̀ ló kù fún adágún. Tí omi ọ̀dà bá kún un, ẹja tán nìyẹn.

Ṣé wọ́n gbọ́? Wọ́n ní àwọn ń rò ó. Àìsàn dá Bàbá wólẹ̀, wọ́n ṣì ń rò ó. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń pe ọ̀gá láràárọ̀, tó ń bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú, wọn ò tíì rò ó tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá wá kí opó rẹ̀. Ó ní òun ti kọ̀ fún ilé iṣẹ́ ọ̀dà. Ó ní láti ìgbà tí fóònù ò ti dún láàárọ̀ mọ́, òun ò mọ bí òun ṣe lè jókòó nídìí tábìlì yẹn.



"Ó yẹ kó wà níbí," ni opó náà wí, "kó bú yín pé ẹ pẹ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún.