Etí Ratsimba ní Isotry

Ní àdúgbò Isotry, wọn kì í ní kí o gbé ọkọ̀ fún Ratsimba kó tún un ṣe. Wọ́n á ní, "Gbé e lọ, kó fetí sí i." Ogójì ọdún ni ọkùnrin náà ti ń tún Renault 4 ṣe, àwọn takisí kéékèèké tí wọ́n dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wà wọ́n lọ. Á dijú, á ní kí wọ́n tẹ iná, kó tó lajú ó ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Iṣẹ́ yìí ló fi kọ́lé, òun náà ló fi sin ìyàwó rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì ni etí náà ti ń kú lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì adití? Ó ń wo ẹnu àwọn èèyàn láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ̀rù sì ń bà á lójoojúmọ́ ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Tovo awakọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Bàbá, ẹ gbà mí o! Iwájú ọkọ̀ yìí ń kàn gbì-gbì-gbì. Wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ."

"Má dárúkọ wọn. Ojú ti ń tì wọ́n tó."

"Ojú wo? Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mu kọfí! Ẹ ṣáà fetí sí i."

Tovo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ iná. Ratsimba dijú bí ìṣe rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki orí bọ ẹ́ńjìnnì, òfo ni.

"Jẹ́ ká gbé e jáde," ó ní.

Wọ́n gba ọ̀nà olókùúta gun òkè Faravohitra. Ratsimba gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà, èyí tó yọ láti ara dáṣíbọọ̀dù, tó sì gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá lọ síwájú.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá mi wà á ni?"

"Máa wo ọ̀nà, jàre."

Bí ọkọ̀ ṣe ń jà láti gun òkè, ọ̀pá náà ń ta lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, Tovo pa ẹ́ńjìnnì bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe, àwọn ahun, kí epo má baà jó. Òkúta ń jù wọ́n sókè sódò, ṣùgbọ́n ọ̀pá jíà dúró jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn ni, òkúta yẹn ì bá ti fi han ọwọ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, Tovo já a sí jíà kejì lójijì kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Ọ̀pá náà fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Ratsimba lọ́rùn ọwọ́.

"Dúró. Ṣọ́ọ̀kù rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ́ńjìn síìtì ló já. Ìwọ lo sì já a."

"Èmi kẹ̀!"

"Gbogbo yín ni. Ẹ ó pa iná lókè, ẹ ó tún fi jíà gbá ẹ́ńjìnnì jí nísàlẹ̀, ogún ìgbà lójúmọ́. Rọ́bà ni wọ́n fi gbé e dúró, ẹ ṣàánú rẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi igi ti ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀. Rọ́bà náà ti ya sí méjì bí àtẹ̀lẹ́ bàtà àtijọ́. Tovo kígbe, ó fọwọ́ lérí. Jaona, awakọ̀ mìíràn tó ti ń dúró, yára ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì tẹ iná.

"Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ tèmi náà. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn náà ti tó."

Ratsimba wo ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n. Irọ́ ti sú u. Ó fa Tovo lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"N ò gbọ́ nǹkan kan, Tovo. Ọwọ́ ni mo fi mọ tìẹ."

Ojú Tovo yí padà. "Látìgbà wo?"

"Ó tó ọdún méjì."

"Ta ló mọ̀?"

"Ìwọ."

Tovo kẹ̀yìn sí i, ó lọ bá Jaona, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ratsimba kò rí ẹnu rẹ̀. Ojú Jaona nìkan ló ń rí, Jaona sì tẹjú mọ́ ọn. Ratsimba ní lọ́kàn pé ó ti parí nìyẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó ń dúró de ìtìjú.

Jaona pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó yí ọkọ̀ po, ó ṣí ilẹ̀kùn ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awakọ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tó ọ̀pá jíà, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ìjókòó náà, ó sì dúró, ó ń retí kí bàbá wọlé.