Bàbá Ṣíìfù àti Káńsẹ́lọ̀ Tó Pẹ́ Dé

Gbogbo ará Ìjókò ló mọ ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Ṣíìfù dá káńsẹ́lọ̀ dúró ní gétì iléèwé. Aago méje ni ìpàdé. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí Ọ́nórébù Afọlábí tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun àti ayàwòrán méjì. Bàbá nawọ́ sí i.

"Káàdì yín dà, sà?"

"Káàdì wo, Bàbá? Èmi ni àlejò pàtàkì."

"Àlejò pàtàkì ti pẹ́. Ṣíìfù ọ̀sán lẹ bọ́ sí." Ó gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé Rùkáyátù, ọ̀gá iléèwé náà, mì. Oṣù mẹ́ta ni òun àti Bàbá fi ṣètò ọjọ́ àwọn ọmọ yìí, kí àwọn ọmọ lè tún àdúgbò ṣe, kí wọ́n sì mọ bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ló ń wá lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀: síláàbù tí wọn yóò fi bo gọ́tà iwájú iléèwé kí òjò tó dé. Ọmọ mẹ́ta ló já sínú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ó ti bẹ Bàbá lánàá pé kó ṣáà jẹ́ kí ọkùnrin náà wọlé.

"Bó bá tètè dé ni," ni Bàbá wí.

Ọgbọ̀n ọdún ni Alàgbà Jìbírílù, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣíìfù, fi jókòó sí gétì iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, tó ń kọ àkókò tí òṣìṣẹ́ dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé àga sí gétì iléèwé, ó sì kó fèrè rẹ̀ wálé. Ìyàwó rẹ̀ ní òun nìkan ni obìnrin tí wọ́n ń fọn fèrè fún kó tó bu ọbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣètò, Rùkáyátù dábàá bàlúùnù. "Bàlúùnù mélòó ló mọ ilẹ̀ í gbá?" ni Bàbá bi í, ó sì fa igi lé e. Páálí bísíkíìtì ló gé sí igba káàdì, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ àkókò tí wọ́n dé. Ìyá Treasure ní ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ aago.

"Ṣé kò mọ ìgbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ni?" ni Bàbá wí.

Ní gétì lọ́jọ́ náà, Ọ́nórébù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ìgbálẹ̀ bí ẹni ń ná ọjà.

"Màá gbá ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí wọ́n yà mí."

"Ogún."

"Márùn-ún, Bàbá."

"Ogún. Treasure gbá mẹ́wàá."

Igba ọmọ ń wò ó, káàdì lọ́wọ́. Ọ́nórébù ká agbádá. Ó gbá a dé ẹsẹ̀ kẹsàn-án, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n lè yà á dáadáa, ló bá wọ gọ́tà dé orúnkún. Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ súnmọ́ bí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Rùkáyátù fọwọ́ bo ojú. Síláàbù ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú gọ́tà ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ jáde.

"Bàbá, ṣé ibí ni àwọn ọmọ ń gbà kọjá?"

"Lójoojúmọ́, sà. Wọn ò sì ga tó yín."

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà ni síláàbù dé. Aago méjì ni awakọ̀ ṣèlérí, mẹ́rin ló dé. Bàbá ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ibi tí òun ti kọ "pẹ́" kó tó já ẹrù.

Ọdún tó kọjá ni Bàbá kú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ìrun ọ̀sán ò tíì tó tí wọ́n ti sin ín. Kò sẹ́ni tó láyà láti pẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ àwọn ọmọ tún pé lọ́dún yìí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Toll Gate dá Rùkáyátù dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi pẹ́. Àìṣát, ọmọ kíláàsì karùn-ún, ló wà lórí àga Bàbá ní gétì, fèrè lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣíìfù ọ̀sán lẹ bọ́ sí."

"Àìṣát, èmi ni ọ̀gá iléèwé."

"Mo mọ̀, mà." Ó na ìgbálẹ̀ sí i.

Bí Rùkáyátù ṣe ń gbà á ló rí káàdì Bàbá lórí ìṣó àkọ́kọ́ lára ògiri tí wọ́n ń fi káàdì kọ́. Ẹnì kan ti fi bírò kọ àkókò tòní síbẹ̀: aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà. Bàbá kì í pẹ́."

Rùkáyátù rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fi ìborùn nu ojú. Ó gba orí síláàbù kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Kò ná an. Ó gbá ogún pé.