Ìyá Adelino Kò Bí Nọ́mbà

Adelino Carrapiço ti kú. Láti oṣù kejì ọdún ló ti kú, nígbà tí yìnyín ṣì wà lórí òkè, àwa tí a pe ara wa ní ènìyàn rẹ̀ kò sì gbọ́ títí di oṣù karùn-ún. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ló kú sí. Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n má dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí àwọn agbẹjọ́rò. Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ kàn bá mi wò ó, bí a ṣe ń ṣọ́ra fún orúkọ ilé tí a fi bíríkì kọ́, nígbà tí ọmọ ènìyàn wà nínú ẹrẹ̀ ní itẹ́ òkú ìlú wa láìsí orúkọ kankan lórí rẹ̀.

Ọmọ abúlé orí òkè ni Adelino, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n kó òun àti bàbá mi, Ermelindo, sínú ọkọ̀ ojú omi ní Lisbon pé kí wọ́n lọ jagun ní Guiné, ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n rán wọn lọ, àwọn onílẹ̀ sì ní àwọn ò fẹ́ wọn. Bàbá mi kì í purọ́ lórí ìyẹn. Òòrẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ń jẹ́. Gbogbo wọn ló fín òòrẹ̀ sí apá, tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà àti Guiné sí abẹ́ rẹ̀. Awọ bàbá mi ti hunjọ báyìí, òòrẹ̀ tirẹ̀ ti dà bí ọ̀dùnkún tó hù. Ti Adelino ṣì mọ́ kedere, kò sí ẹni tó lè wò ó kó má lè kà á.

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kì í wá sílé wa lọ́wọ́ òfo. Ó gbẹ́ ṣíbí onígi kan fún mi nígbà kan, ó fi ìṣó gbígbóná kọ Otília sí ìdí rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ṣíbí fẹ́ fi orúkọ ṣe. Ó ní, "Ohun tí kò bá lórúkọ, ẹnikẹ́ni ló lè jù ú nù, ọmọ mi." Ṣíbí yẹn ni mo fi ń ro ọbẹ̀ mi títí di òní.

Ní gbogbo oṣù karùn-ún ni àwọn Òòrẹ̀ tó kù máa ń pàdé jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tí wọ́n á sì máa rántí ogun. Belmiro Taveira, sájẹ́ńtì wọn, ló ń ṣètò rẹ̀, inú ìwé ìròyìn yìí gan-an ló sì máa ń fi ìkéde sí, pẹ̀lú nọ́mbà fóònù rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan búrẹ́dì, Belmiro á dìde, á máa pe orúkọ àwọn tó ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo tábìlì á sì máa dáhùn pé, "Ó wà níbí!" A kì í pe alààyè mọ́ wọn. Alààyè ní àga tirẹ̀.

Lọ́dún yìí, Belmiro pe àwọn òkú tán, kò pe Adelino. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Wọ́n ti bu ọbẹ̀ sí abọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ náà sì ń tutù.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí dà?" Belmiro béèrè.

"Ó ń bọ̀ jàre," bàbá mi dá a lóhùn. "Àbí o ti gbàgbé Lisbon ni? Ọkọ̀ ti fọn fèrè tán, òun ṣì wà létí omi tó ń ná ẹja!"

"Lọ́jọ́ tó bá máa kú, ikú á dúró dè é títí á sú u!" ẹnìkan ké láti ìsàlẹ̀ tábìlì.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Adelino sì ti wà nínú ilẹ̀ nígbà náà.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí a sin Zeferino ní Guiné," Belmiro ní. "Ọ̀gá ní ká kọ nọ́mbà rẹ̀ sórí àgbélébùú, pé ìyẹn ti tó, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Adelino ti tú àpótí bíà wa palẹ̀, ó ń fi ìṣó sínú iná. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, 'Ọ̀gá, ìyá Zeferino kò bí nọ́mbà.'"

"Ẹ̀rù bà mí o," ni bàbá mi wí. "Mo ní wọ́n ti tì í mọ́lé tán."

"Ta ni ó tì í mọ́lé? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí fìlà. Gbogbo wa dúró sínú oòrùn títí ó fi kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn."

Àṣà wọn ni pé ẹni tí kò bá lè wá, wọ́n á gbé ìpín rẹ̀ lọ bá a nílé. Bàbá mi di ẹran ewúrẹ́ yíyan, ó gbé ìgò wáìnì lé itan, ó ní, "Otília, wa ọkọ̀ ká lọ. Mo ní èébú tí mo fẹ́ bu ọkùnrin yẹn." Títí a fi gun òkè dé abúlé ló ń to èébú náà lẹ́nu, tó ń fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń gbé ilé kejì, Felismina, ló jáde sí wa, ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Ta lẹ ń wá?"

"Adelino ni, mà. A gbé oúnjẹ rẹ̀ wá."

Ó wo oúnjẹ, ó wo bàbá mi. "Yéè! Bàbá, wọn ò sọ fún yín ni? Ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà níbí nígbà òtútù, ọkọ̀ aláìsàn wá gbé e. Wọ́n ní ó kú. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ sin ín."

Bàbá mi di ẹran náà mú mọ́ àyà, ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà Adelino, ó ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún báyẹn rí, kódà nígbà tí ìyá mi kú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Akọ̀wé kan dá mi lóhùn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"A wá ẹbí rẹ̀, mà, a ò rí. Kò láya, kò lọ́mọ. Gbogbo ohun tí òfin wí la ṣe."

"Ṣé ẹ rí apá rẹ̀?"

"Òòrẹ̀ yẹn? A rí i o! Àwọn tó tọ́jú òkú rẹ̀ tilẹ̀ ní ó dára."

"Ṣé ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ wa, mà."

Kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n rí i, wọ́n yìn ín, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá tẹ ohun tó wà ní apá yẹn sórí fóònù, ìkéde Belmiro Taveira àti nọ́mbà fóònù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Nígbà tí ìjọba ń wá Adelino láti lọ jagun, ṣebí kò sí fóònù lórí òkè yẹn? Kò sí títì. Wọ́n ṣáà rí i, ọlọ́pàá ló gun òkè lọ mú un jáde. Báwo ni ìjọba tó rí i láàárín òkúta nígbà tó wúlò ṣe wá pàdánù àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí orúkọ wọn wà lára òkú rẹ̀?

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìdí ẹ̀rọ omi ni, níbi tí wọ́n ń kó òdòdó jíjẹrà dà sí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, nọ́mbà ló wà lórí rẹ̀. Nọ́mbà, fún Adelino! Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ti Adelino kò rí ẹyọ pákó kan tí yóò gbé e.

A lọ sí gbọ̀ngàn ìlú láti gbàṣẹ, ká lè fi àgbélébùú síbẹ̀. Wọ́n ní ẹbí nìkan ló lè gbàṣẹ.

"Èmi ni ẹbí rẹ̀," ni bàbá mi wí.

"Ẹ ò bára yín tan, bàbá," ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wí.

Bàbá mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé òòrẹ̀ rẹ̀ tó ti hunjọ lé orí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kò sí àyè fún irú ìyẹn níbẹ̀.

Ní gbogbo ọdún, ẹ̀yin aláṣẹ máa ń gbé òdòdó lọ sí ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ̀. Fèrè á dún, ẹ̀yin náà á fa ojú ro. Ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tí a mọ̀, ẹ ti sọ òun náà di ẹni tí a kò mọ̀, kí òdòdó yín má baà ṣòfò.

Mò ń sunkún bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ẹnìkan ló pàṣẹ pé kí wọ́n sin ín láìpe ẹnikẹ́ni, ẹnìkan ló sì ní kí wọ́n kọ nọ́mbà. Àwọn yẹn ní orúkọ. A fẹ́ mọ̀ ọ́n. A fẹ́ kí wọ́n yọ irin yẹn, kí wọ́n kọ Adelino Carrapiço síbẹ̀ ní kíkún, kí wọ́n sì sọ fún bàbá mi lójúkojú ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kó fi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nídìí abọ́ ọbẹ̀.

Bí wọn ò bá ṣe é, lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn Òòrẹ̀ kò ní pàdé nílé oúnjẹ. Iwájú gbọ̀ngàn ìlú ni Belmiro yóò ti pe orúkọ àwọn òkú. Nígbà tó bá kan Adelino, àwọn àgbà wọ̀nyí ti pinnu pé àwọn ò ní dáhùn. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á gbójú sókè sí fèrèsé yín, wọ́n á máa retí ẹni tí yóò dáhùn fún un.