Ẹran Ọjọ́ Ìsinmi Ni Ẹlẹ́rìí Wa

Olè ni wọ́n pè mí. Olè ìwé! Títí dòní, bí mo bá rántí, inú mi á tún ru.

Ní àwọn ọdún 1980 ni. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ń fi kọrẹsipọ́ńdẹ́ǹsì kàwé kí n lè gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà àgbà. Wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, èmi náà á kọ ọ́, màá dá a padà. Ìgbà ọlidé nìkan là ń fojú kan àwọn tó ń máàkì rẹ̀.

Ọlidé kan ni ọ̀gá tó ń máàkì iṣẹ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì. Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀, ará Ayépé, tí n kò rí rí láyé mi. Ọ̀gá na ìwé méjì sí wa. Wọ́n ti ní ká kọ ìdí tí ọmọdé fi ń pẹ́ dé ilé ìwé. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ ni tọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ohun tí mo fojú ara mi rí ni n ó kọ́kọ́ sọ." Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìpín méjì tó kù náà rí bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tá a sọ nínú wọn yàtọ̀.

"Olè ìwé ni yín! Ẹ jọ jókòó kọ ọ́ ni," ọ̀gá wí. "Ẹ lọ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ wá, máàkì yín nìkan ni n ó gé. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí."

Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Bí wọ́n bá lé mi, tíṣà kékeré ni n ó ṣe dọjọ́ ogbó. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní, "n ò ní bẹ̀bẹ̀ ohun tí n ò ṣe. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀!"

Ọ̀gá ò mọ ohun tí mò ń wí. Ọkùnrin Ayépé ló yíjú sí mi wàì. "Ẹni tó bá dà á pọ̀," ó ní, "ẹran rẹ̀ di ti ajá."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ọ̀dọ̀ tíṣà ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Imúṣin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni mo gbé dàgbà, bí wọ́n ṣe ń fọmọ sọ́dọ̀ tíṣà láyé ọjọ́un kó lè kàwé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹran á wà lórí ìrẹsì wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tó bá dìde ròyìn ìsìn ọjọ́ náà. Ètò rẹ̀ kì í yẹ̀, gbólóhùn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan kì í sì í yí padà: ohun tí o fojú ara rẹ rí, ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ohun tí ìwọ fúnra rẹ rò. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ oníwàásù ṣe tìrẹ pẹ́nrẹ́n, ajá Bàbá ti jẹun nìyẹn. Ọkùnrin yìí náà gbé ọ̀dọ̀ Bàbá rí, ó ti lọ kí wọ́n tó mú mi débẹ̀. Ẹ wá wò ó! Ẹ̀kọ́ tí Bàbá kọ́ wa pé ká má sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ di tiwa, òun ni wọ́n torí ẹ̀ ń pè wá lólè!

A ṣàlàyé títí, ọ̀gá yínmú. Ó ní irọ́ tá a ti gbìmọ̀ pa nìyẹn. Inú bí mi. Mo ní kó yà wá sọ́tọ̀, kó fún wa níṣẹ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ó fi mí sí yàrá kan, ó fi ọkùnrin náà sí òmíràn, òun fúnra rẹ̀ dúró láàárín. Ó ní ká kọ nípa òjò àti ọ̀nà ìlú.

Nígbà tó gba ìwé méjèèjì, ó kà á, ó tún un kà. Èmi sọ̀rọ̀ kòtò iwájú ilé wa, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lọ́rì tó rì sẹ́rẹ̀ lọ́nà Ayépé. Ṣùgbọ́n lókè ìwé àwa méjèèjì: "Ohun tí mo fojú ara mi rí ni n ó kọ́kọ́ sọ."

Ọ̀gá mú bírò, ó fún wa ní máàkì wa. Kò bẹ̀ wá o. Ó kàn ní, "Kí ọ̀kan nínú yín lọ wá ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn."

Mo wo ọkùnrin Ayépé, ó wò mí.

"Kì í ṣe èmi, sà," mo ní.

"Kì í ṣe èmi náà," ó ní.

Nígbà tí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e dé, mo jókòó, mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé: Ohun tí mo fojú ara mi rí ni n ó kọ́kọ́ sọ.