Bí Mo Ṣe Wá Basile Káàkiri Libreville

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò n'Íbàdàn, kí n lè bá ọkọ̀ òfuurufú Lomé l'Ékòó. Libreville, olú ìlú Gabon, ni mò ń lọ, ọ̀dọ̀ Basile. Ọmọ Ṣábẹ́ nílẹ̀ Benin làwọn òbí rẹ̀, Libreville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ló gbá rọ́gíbì fún. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin ni, wọ́n ń gbé e mọ́yà sá, wọ́n sì ń fi èjìká kọ lu ara wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di asọ̀rọ̀ eré lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Ó wá kí ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n wá gba ohùn òun fún rédíò wa.

Ní Lomé, wọ́n dá wa jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí. Ẹsẹ̀ mi ti wú kí n tó dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tó júwe ní Batterie IV létí òkun. Mo dúró, dúró. Basile kò yọjú. Nígbà tó gbé fóònù, ó ní, "Háà, pardon! Okala ni mo wà, níbi ilé tí mò ń kọ́. Ẹ máa bọ̀."

Takisí wọn kò dà bíi tiwa. Lọ́dọ̀ wa, awakọ̀ ló ń dá iye lé ọ. Níbẹ̀, ìwọ lo máa dúró lẹ́bàá títì, wàá pariwo ibi tó ò ń lọ àti iye tó o fẹ́ san. Bó bá wu awakọ̀, á fun fèrè. Bí kò bá wù ú, á kọjá bí ẹni pé igi lo jẹ́. Mo di igi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tó gbé mi nígbẹ̀yìn ní, "Tantie," ìyẹn àǹtí, "ọ̀nà Okala ń ba mọ́tò jẹ́ o." Kò parọ́: mọ́tò rì lọ́nà, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, gbogbo ẹ̀yìn aṣọ mi ló sì di ẹrẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi ilé náà, bíríkìlà kan wò mí tìyanu-tìyanu. "Basile kẹ̀? A ò rí i láti ìjẹta." Mo pe Basile, fóònù rẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gba àdúgbò Avéa tí bíríkìlà náà júwe lọ, láti fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni Màmá Basile, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ó kí mi ní Nàgó, Yorùbá tilẹ̀ Benin, ó sì gbé nyembwe fún mi, ọbẹ̀ ẹyìn bíi tiwa, àmọ́ ó ki jù ú lọ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n pọ́n séwé, tó le bí ọṣẹ, ló bá a rìn. Mo ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu nígbà tí ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ta lẹ wá kí?"

Basile ni, mo mọ ojú rẹ̀ nínú àwòrán. Mo bú jáde. "Ta ni mo wá kí? Ìwọ tó o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ìgboro!"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Màmá dá ẹ̀rọ dúró.

"Ọmọ mi, má bínú. Kì í ṣe ìgbéraga. Eré yẹn ni. Wọ́n kọ lu orí rẹ̀ títí. Bó bá ti sùn báyìí, àná lè sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́."

Basile jókòó. Ó fi Nàgó àti Faransé sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ń bá a wá ọ̀rọ̀ tó bá wọ́n ọn. Ó ní lọ́jọ́ kan, láàárín eré, òun ń sọ̀rọ̀ lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ò sì mọ ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń gbá a mọ́. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọ̀fun ló ń dun òun.

"Má sọ ọ́ ní rédíò o!" ni Màmá wí. "Wọ́n á máa pè ọ́ ní wèrè."

"Màmá, àwọn tó ń gbá a lọ́wọ́ ńkọ́?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí n tó gbàgbé pé mo fẹ́ sọ ọ́."

Lójú ọ̀nà àbọ̀, wọ́n tún dá wa dúró, wọ́n sì fi àpò mi sílẹ̀ sí Lomé. N'Íbàdàn, ọ̀gá mi ní kí n yọ ọ̀rọ̀ orí kúrò, pé bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù làwọn èèyàn fẹ́ gbọ́. Ara mi ti kọ gbogbo rẹ̀. Mo ní bó bá yọ ọ́, kó yọ orúkọ mi mọ́ ọn. A gbé e jáde lódindi.

Mo ti máa ń rò pé bí gbajúmọ̀ bá já èèyàn kulẹ̀, ìwà ni. Ìrìn àjò yẹn gba ìdánilójú náà lọ́wọ́ mi.

Màmá Basile pè mí lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì fi fóònù gbọ́ ètò náà. Mo rò pé èébú ló ń bọ̀.

"Ó jókòó tì mí gbọ́ ọ tán," ló wí. "Ó ní, 'Màmá, ṣé èmi ni mo sọ gbogbo èyí? Ó dáa tí mo sọ ọ́.'"