Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Ràsáàkì gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Ṣakí, kì í kan ohunkóhun láìwádìí ìdílé rẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń wádìí ìyàwó kí wọ́n tó gbé e, bẹ́ẹ̀ ló ń wádìí àga. Télọ̀ ni mí, n kò ráyè ìranù, àmọ́ mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Lọ́dún 1977, ó ń fẹ́ Àdìjátù, opó kan ládùúgbò wa. Adìẹ aládìẹ ti fọ́ ife mẹ́fà mọ́ obìnrin yìí lọ́wọ́, ló bá ní kí Ràsáàkì kọ́kọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù fún òun, kí òun mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n tó ẹnu rẹ̀. Ràsáàkì ò mú ayùn. Ọ̀dọ̀ Tíṣà Gbádébọ̀ ló gbà lọ.

Tíṣà là á yé e pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Òyìnbó so pọ̀ di kọ́bọ́ọ̀dù: ife àti pákó. Láyé àtijọ́, orí pákó lásán ni wọ́n ń to ife sí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ilẹ̀kùn dé.

“Ilẹ̀kùn kì í ṣe ọmọ ilé!” ni Ràsáàkì ń pariwo bọ̀ lójú títì. “Àtọ̀húnrìnwá ni!”

Mo ní adìẹ ò mọ ìtàn o. Kò gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé pákó kan ṣoṣo, tó fá títí tó ń dán, lọ fún Àdìjátù.

“Ilẹ̀kùn dà?”

Ràsáàkì ro gbogbo ìtàn náà, títí kan àtọ̀húnrìnwá. Obìnrin náà ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Gbẹ́nàgbẹ́nà, mo gbọ́. Bàǹtẹ́ ṣáà ni baba ńlá ṣòkòtò. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ mi ní Jímọ̀, ẹ sán bàǹtẹ́ wá. Ẹ má wọ àtọ̀húnrìnwá.”

Ràsáàkì padà wá ròyìn fún mi, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Ṣé kí n gé bàǹtẹ́ ni?” Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Títí di Jímọ̀, ìró òòlù nìkan ni mo ń gbọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó wọ ṣòkòtò tí mo rán, a sì jọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn méjì lọ, tòun ti kọ́kọ́rọ́. Àdìjátù ṣí i, ó tì í, ó rẹ́rìn-ín. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àmúdà, tó wá láti Òtù, bá yíjú sí Ràsáàkì.

“Ó ku ìdílé yín. Irú èèyàn wo ni baba yín àgbà?”

Èmi mọ̀, Àdìjátù náà mọ̀, pé baba àgbà yẹn kì í rí adìẹ aládìẹ kó fi sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni Ràsáàkì wí, “ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wà níwájú yín.”

Àdìjátù so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

“Ẹ fi baba àgbà wọn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ní ilẹ̀kùn.”